Yìnyín tó ń yọ́ kì í gbóná: ohun tí a rí ní Manigri àti Bassila nídìí àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára

Aago méje àárọ̀ ti kọjá. Onísẹ́míjàn tó fẹ́ gbé wa lọ sí abà kan lẹ́yìn Manigri ti tan alùpùpù rẹ̀, ó ti pa á, ó tún ti tan án. Níbi tí a ń lọ, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń dúró láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ wọn, oòrùn oṣù kẹta kì í sì í ṣe oòrùn tí èèyàn ń bá ṣeré ní ilẹ̀ Donga. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìlera tí a fẹ́ bá lọ, tí gbogbo ará abà ń pè ní dókítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni, kò mira. Ó ti kó ike omi dídì mẹ́rin jáde nínú fìrísà, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì jókòó tì wọ́n. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò mú ọ̀kan, yóò mì ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, yóò sì dá a padà.

Onísẹ́míjàn kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó béèrè bóyá dókítà kò rí i pé yìnyín ń ṣòfò ni. A kò ní purọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa: ẹ̀yìn onísẹ́míjàn ni àwa náà wà.

Nọ́ọ̀sì náà fèsì wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ohun tí òun ń dúró dè gan-an ni kí yìnyín náà bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Ó ní èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fìrísà lè ba abẹ́rẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti ń yọ́ kò lè bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó gbóná. Ọ̀rọ̀ yìí yà wá lẹ́nu. Báwo ni yìnyín tó ń yọ́ yóò ṣe ṣọ́ nǹkan dáadáa ju èyí tó le gbagidi lọ? Nígbà tí a padà dé Bassila lọ́jọ́ kejì, a pinnu láti fi ojú ara wa wò ó.

Ife kan, tẹmomítà kan

Ohun tí a lò kò pọ̀. A ra yìnyín omi lásán lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń tà á fún àwọn tó fẹ́ fi omi tútù ṣínu nígbà ààwẹ̀. A fi ọmọ odó gún un, a rọ ọ́ sínú ife irin ńlá kan, a sì ti tẹmomítà tí a yá lọ́wọ́ olùkọ́ kan bọ inú rẹ̀. Abẹ́ òjìji la jókòó sí. Tẹmomítà kejì tí a so mọ́ ògiri sọ pé ìgbóná afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́ díígírì 36.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, yìnyín náà wà ní díígírì 9 sí ìsàlẹ̀ òdo. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti gòkè dé òdo, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí hàn ní ìdí ife. A ń retí pé yóò máa gòkè lọ báyìí: 1, 2, 5. Kò gòkè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òdo. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, òdo. Ọ̀kan nínú wa ní tẹmomítà ti bàjẹ́. A yọ ọ́ jáde, ó gòkè kọjá 20 lójú wa. A dá a padà, ó tún sọ̀ kalẹ̀ sí òdo. Ìdajì ife ti di omi, òdo ni. Yìnyín kù bí ẹ̀kúnwọ́ kan tó léfòó lórí omi, òdo ṣì ni, bí a bá ṣáà ti ń rò ó. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ló gbà kí èyí tó kéré jù nínú wọn tó pòórá. Ìgbà náà ni tẹmomítà wá rántí iṣẹ́ rẹ̀: ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ó ti dé 9, ó sì ń lọ.

A tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí a gbé ife náà ka ẹyin iná, a rò pé iná yóò fi ipá mú un. Yìnyín náà yára yọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó ṣì kù nínú ife tí a sì ń rò ó dáadáa, tẹmomítà kò kúrò nítòsí òdo. Iná líle dín àkókò kù ni, kò yí díígírì padà.

Níbo ni ooru náà ń wọ̀ sí?

Ẹni tó kọ́kọ́ wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí dé gbòǹgbò ni Joseph Black, oníṣègùn tó ń kọ́ni ní yunifásítì Glasgow ní ilẹ̀ Scotland láàárín àwọn ọdún 1760. Ó gbé ìgò méjì sínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Omi tó tutù débi pé díẹ̀ ló kù kó dì wà nínú ọ̀kan, yìnyín tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ wà nínú èkejì, ìwọ̀n àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Ooru kan náà ló ń fẹ́ sí wọn. Omi lo ìdajì wákàtí kó tó fi bíi díígírì mẹ́rin gòkè lórí òṣùwọ̀n tí à ń lò lónìí. Yìnyín lo wákàtí mẹ́wàá àti ààbọ̀ kó tó yọ́ tán, kó sì dé ibi tí omi yẹn dé. Ìlọ́po mọ́kànlélógún! Black ní ooru tó wọlé kò sọnù, ṣe ló farapamọ́. Orúkọ tó sọ ọ́ náà nìyẹn: ooru tó farapamọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Àwọn èérún omi tí ojú kò lè rí di ara wọn lọ́wọ́ mú nínú yìnyín, bí ìgbà tí àwọn èèyàn bá so ọwọ́ kọ́ ọwọ́. Gbogbo ooru tó bá wọlé ń ṣiṣẹ́ àtitú ọwọ́ wọn. Kò ráyè mú wọn sáré, sísáré wọn yẹn sì ni tẹmomítà ń kà. Ó dà bí oníṣòwò tó jẹ gbèsè: owó ń wọlé lójoojúmọ́, àpò kò kún, nítorí gbèsè ló ń san. Ọjọ́ tó bá san èyí tó gbẹ̀yìn ni àpò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wúwo.

Gbèsè yìnyín sì pọ̀. Ooru tó ń sọ kílò yìnyín kan di omi, tí díígírì rẹ̀ kò kúrò ní òdo, tó láti gbé kílò omi kan láti òdo dé 80. Ife tiwa náà kò purọ́: ọgọ́rin ìṣẹ́jú fún yíyọ́, lẹ́yìn náà bíi díígírì kan fún ìṣẹ́jú kan.

Ojú kan tí kì í yẹ̀ yìí ló mú kí àwọn tó ṣe òṣùwọ̀n ìgbóná fi yìnyín tó ń yọ́ ṣe ààlà. Anders Celsius, ará ilẹ̀ Sweden, ló gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ jáde ní ọdún 1742. Òdì ló tilẹ̀ kọ́kọ́ kà á: 100 ni yìnyín, òdo ni omi tó ń hó. Àwọn tó tẹ̀lé e ló dojú rẹ̀ padà.

Ìdí tí dókítà fi ń mì ike

Ẹ jẹ́ ká padà sí Manigri. Inú ooru tó wà láàárín díígírì 2 sí 8 ni wọ́n ń tọ́jú ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Gbogbo wa la mọ̀ pé ooru ń bà á jẹ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé òtútù àpọ̀jù ń ba òmíràn jẹ́ kíá ju ooru lọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní pẹ́ńtà, tó ń gbógun ti àrùn márùn-ún, tẹ́tánọ́ọ̀sì, difitẹ́ríà, ikọ́ líle àwọn ọmọdé, àrùn ẹ̀dọ̀ hẹpatítíìsì B àti àrùn Hib, kò gbọdọ̀ dì. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí àwọn aboyún ń gbà kò gbọdọ̀ dì. Abẹ́rẹ́ ibà tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọdé ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024 náà kò gbọdọ̀ dì. Ti ẹ̀kán tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ yàtọ̀. Dídì kò ṣe é ní nǹkan kan.

Nínú pẹ́ńtà àti ti tẹ́tánọ́ọ̀sì, èròjà kan wà tó ní alumíníọ́mù nínú, tó ń ran agbára abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá dì, èròjà náà á ṣù pọ̀, kò sì ní tú mọ́ bó tilẹ̀ yọ́ padà. Ọmọ á gba abẹ́rẹ́, á sunkún, ìyá á gba ìwé, gbogbo wọn á lọ sílé, ààbò tí wọ́n rò pé ó wà lára ọmọ lè má sí níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó máa mọ̀ ní ọjọ́ náà.

Àmì kékeré kan wà lára ìgò abẹ́rẹ́, onígun mẹ́rin nínú róbótó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò lára ẹ̀kán rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní ọdún 1996. Bí ooru bá ti ń bá ìgò náà ni onígun mẹ́rin yẹn ń dúdú sí i. Àmì tó wúlò gan-an ni. Ṣùgbọ́n ooru nìkan ló ń kà. Abẹ́rẹ́ lè dì kó sì bàjẹ́, kí àmì rẹ̀ ṣì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ń fura, ohun tó ń ṣe ni pé yóò mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ìgò kan dì, yóò jẹ́ kó yọ́, yóò mì ín pọ̀ mọ́ èyí tó ń fura sí, yóò sì gbé méjèèjì kalẹ̀. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ èyí tó ń fura sí bá sọ̀ kalẹ̀ kíákíá bíi ti ìgò tó mọ̀ọ́mọ̀ mú dì, kò ní lò ó.

Wàyí o, ike omi dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fìrísà lè wà ní díígírì 18 sí ìsàlẹ̀ òdo. Bí ẹ bá tì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìgò pẹ́ńtà nínú àpótí, òun ló máa fa ooru jáde lára ìgò náà títí tí ìyẹn yóò fi dì. Ṣùgbọ́n gbàrà tí omi bá ti wà pẹ̀lú yìnyín nínú ike kan náà, òdo ni ike náà máa dúró sí, òdo ló sì máa wà títí yìnyín inú rẹ̀ yóò fi tán. Abẹ́rẹ́ kì í sì í ṣe omi lásán, nǹkan ti yọ́ sínú rẹ̀, nítorí náà kì í dì ní òdo gan-an, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Ike tó wà ní òdo kò lè mú un dì. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń gbọ́ nígbà tó ń mì ike létí rẹ̀ ni ìró omi. Òógùn tó ń là lára ike kọ́ ló ń wò o, nítorí inú afẹ́fẹ́ ni òógùn yẹn ti wá, ó sì lè là kí inú ike ṣì gbẹ kó le koko. Ó lè gba ìdajì wákàtí, ó lè gba wákàtí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ojú ọjọ́ bá tutù.

Ti òfò tí onísẹ́míjàn ń sọ ńkọ́? A ṣe ìṣirò rẹ̀. Ooru tó ń gbé yìnyín láti díígírì 18 sí ìsàlẹ̀ òdo títí dé òdo kéré gan-an sí èyí tó ń yọ́ ọ. Bí ẹ bá pín gbogbo ooru tí ike náà lè gbà mì kó tó di omi tán sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bí ìdá kan péré ló ń lọ nígbà tí à ń dúró dè é. Ìdá mẹ́sàn-án yòókù wà nínú yíyọ́, inú àpótí ló sì ti máa lò ó. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, bí dókítà bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ẹ má ṣe gbà pé oorun ló sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní fìrísà tí ẹ sì ń bá wọn mú omi dì ní abúlé, ẹ má fi àánú kó ike tó le gbagidi sínú àpótí náà kí wọ́n tó débẹ̀.

Omi lásán, bísáàpù àti òrí

Bí yíyọ́ ṣe rí ni dídì náà rí. A ti ọ̀rá omi lásán kan bọ fìrísà pẹ̀lú tẹmomítà nínú. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé òdo, ó tilẹ̀ kọjá òdo lọ sí díígírì 4 nísàlẹ̀ láìdì, lẹ́ẹ̀kan náà ló dédé fò padà sókè sí òdo, yìnyín sì yọ. Láti ìgbà náà ó dúró sí òdo títí gbogbo rẹ̀ fi dì, kó tó tún máa sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti rí irú rẹ̀: ẹ mú ọ̀rá omi jáde, omi ni, ẹ gbá a lọ́wọ́, ó di yìnyín lójú yín. Kì í ṣe àjẹ́. Omi náà ti kọjá ibi tó yẹ kó dì sí, ó ń wá ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ ni.

Bísáàpù kò ṣe bẹ́ẹ̀. A fi ọ̀rá bísáàpù tí wọ́n fi ṣúgà sí dáadáa ti omi lásán, kò sì sí nọ́ńbà kan tó dúró sí. Ìsàlẹ̀ òdo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí dì, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dì lọ. Omi inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dì, ṣúgà ń ṣẹ́ kù sínú èyí tó ṣì jẹ́ olómi, èyí sì túbọ̀ ń ṣòro láti dì. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n ju àwa lọ: bí wọ́n bá ń fa bísáàpù dídì mu, adùn àti àwọ̀ pupa ló ń kọ́kọ́ wá, ó wá ku yìnyín funfun tí kò dùn mọ́ sínú ọ̀rá.

Iyọ̀ le ju ṣúgà lọ. Ẹ bu iyọ̀ sínú yìnyín tí ẹ gún, yóò yọ́, ṣùgbọ́n yóò tutù sí i, ó lè dé díígírì 21 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ mú nǹkan dì kíákíá. Nínú àpótí abẹ́rẹ́, ìparun ni.

Òrí tí àwọn ìyá ń ṣe kiri agbègbè Bassila náà kò ní ojú kan tó ti ń yọ́. Ọ̀rá oríṣiríṣi ló papọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó rọ̀ á kọ́kọ́ yọ́, èyí tó le á dúró. Ìdí nìyẹn tó fi ń rọ̀ lọ́wọ́ ẹni kó tó di òróró, tí igbá òrí fi lè jẹ́ ìdajì olómi ìdajì líle nínú ọjà ní ọ̀sán oṣù kẹta. Bó bá tutù pẹ̀lẹ́ láìsí ẹni tó rò ó, apá tó le yóò kóra jọ, òrí yóò sì di hóró hóró lẹ́nu ọwọ́. Ohun tó bá mọ́ láìlábùlà nìkan ló ń yọ́ ní ojú kan ṣoṣo. Àwọn tó ń yẹ oògùn wò máa ń fi èyí mọ èyí tí wọ́n ti fi nǹkan là: wọ́n á yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á wo díígírì tó bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ àti èyí tó yọ́ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun mímu tútù, ẹ má tètè da omi inú kúlà nù nígbà tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀. Omi yẹn tutù tó yìnyín gan-an, ó sì ń yí ara ìgò ká ju bí òkúta yìnyín ṣe lè ṣe lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná, ìkòkò náà ní ìwà yìí: omi tó bá ti ń hó kò ní gbóná ju bíi 100 lọ bó ti wù kí ẹ kó igi sí i tó. Ẹ fa igi sẹ́yìn, kó ṣáà ti máa hó.

Ọ̀nà mìíràn ti ń ṣí fún ìṣòro òtútù yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ní Banikoara ní ẹkùn Alibori níbí ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n fún àwọn tó lé ní 150,000 ní abẹ́rẹ́ àrùn yírùnyírùn tó ń jẹ́ MenAfriVac, tí wọ́n gbà láyè pé ó lè jókòó sínú ooru tó tó díígírì 40 fún ọjọ́ mẹ́rin láìsí yìnyín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní àgbáyé tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú ètò ńlá. Ṣùgbọ́n pẹ́ńtà kò tíì sí lára wọn.

Ní ọjọ́ tí à ń wí, bí aago mẹ́jọ kù díẹ̀, nọ́ọ̀sì náà mú ike kẹrin, ó mì ín, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tò wọ́n yí inú àpótí ká, ó kó ìgò abẹ́rẹ́ sáàárín wọn, ó pa ìdérí dé. Onísẹ́míjàn tan alùpùpù fún ìgbà kẹrin. Nígbà tí ọmọ tó gbẹ̀yìn gba abẹ́rẹ́ ní abà náà, aago méjì ọ̀sán ti lù, iyanrìn ń jó ẹsẹ̀. Kó tó di ẹrù rẹ̀, nọ́ọ̀sì yọ ike kan jáde, ó gbé e sún mọ́ etí onísẹ́míjàn, ó sì mì ín. Omi ń dún nínú rẹ̀, yìnyín tó ṣẹ́ kù sì ń kan ara ike gbọ̀ngbọ̀n.